Olóògbé Ń Kí Ọ Láti Ilé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé inú ilé alájà mẹ́fà yẹn, pàápàá jù lọ àwọn tó wà lókè pátápátá, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n já lé yín lórí. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé atẹ́gùn tútù tí wọ́n ń tú sí yín lára nínú ọ́fíìsì yẹn kò tíì wọ̀ ọ́ láyà? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o kò ní fẹsẹ̀ kọ, ibi tí wọ́n bá sì ti ń pín ire, wọn kò ní fo orúkọ rẹ dá. Àmín.

Bí o bá bi mí pé èmi ńkọ́, mo wà láàyè. Jọ̀ọ́, ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó máa bá ìwé lọ. Mo wà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́, ìbáà jẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ mọ̀lẹ́bí, tó ní baba rẹ ti kú, má sunkún, má tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, má sì jẹ́ kí àbúrò rẹ wá gbé àga mi, kọ́kọ́ ka ìwé yìí tán. Ẹ̀rù ń bà mí ni, ọmọ mi. Láti ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rù ti ń bà mí, débi pé bí ewé bá já nínú ọgbà, mo ti ń bèèrè pé ta nìyẹn.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, wo ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé yìí. Kì í ṣe ti akọ̀wé tó máa ń bá mi kọ̀wé sí ọ, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ gígùn tí mi ò sọ kún tèmi. Ọwọ́ èmi baba rẹ ni. Mo fi pa mọ́ fún ọ ni, torí mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀ ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Ìyá Agbẹ̀bí ló ń kọ́ wa, òun náà tó gbẹ̀bí rẹ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò lè jókòó sílé kí òun máa ka eṣinṣin, ó ní gbogbo àgbàlagbà tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ni òun máa tún bí. Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, nínú yàrá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́fà, tí orúnkún wa fi máa ń kan àgbọ̀n wa, bí a bá sì fẹ́ dìde, gbogbo wa la máa ń kérora pọ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí, ẹnìkan ṣoṣo ni mo sì dàgbà jù níbẹ̀. Bí a kò bá kú, ìṣe ò tán.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn elétò ìdìbò kó fọ́ọ̀mù wá sí kíláàsì wa. Wọ́n ní ìdìbò ń bọ̀, ìwé orúkọ àwọn olùdìbò sì ti gbó, àwọn fẹ́ kọ tuntun. Ìyá Agbẹ̀bí ní kí ẹni tó bá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ nawọ́ sókè. Gbogbo kíláàsì nawọ́, títí kan ẹni tó ti ń sùn. Èmi kò nawọ́. Mo ní mo ti kọ́ ìwé fún ọdún kan àbọ̀, bí mi ò bá lè kọ fọ́ọ̀mù, kí ni mo wá ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì tó ń pa ìdí mi lára. Mo kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ oyè, tàbí bí àwọn èèyàn ṣe ń pè mí, mo kọ ohun tí gbogbo ayé ti ń pè mí láti ọdún mọ́kàndínlógójì tí mo fi tọ́jú ọgbà ilé ìwé, tó fi jẹ́ pé ìyá rẹ pàápàá, bí inú bá bí i, ohun tó ń pè mí náà nìyẹn. Bírò ni mo fi kọ ọ́, mi ò pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe adájọ́.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì káńsù, kí oníkálùkù wá wo tirẹ̀. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, mo lọ. Mo ti ka ara àpò sìmẹ́ńtì rí, mo ti ka páálí ọṣẹ, ṣùgbọ́n mi ò tíì ka ohun tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri rí láyé mi, ó sì wù mí kí èyí tí mo máa kọ́kọ́ kà jẹ́ orúkọ ara mi. Mo fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè títí mo fi rí i. Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú rẹ̀. Mo pín in bí Ìyá Agbẹ̀bí ṣe kọ́ wa: o, ló, ò, gbé. Mo tún un pín. Mo rò pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ, torí pé mo fi ọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù. Inú mi dùn, mo pe obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kó wá wo ohun tí ìjọba ń pè mí. Obìnrin náà wo ògiri, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá pa ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mo kà á bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, etí mi sì gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Olóògbé.

Mo di ògiri mú. Ní ìlà tó tẹ̀ lé tèmi, orúkọ ìyá rẹ ló wà níbẹ̀. Ìyáàfin ni wọ́n pè é, kò sí olóògbé kankan níwájú tirẹ̀. Inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, torí kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Bí a ṣe máa ń tò lọ́jọ́ ìdìbò náà nìyẹn, èmi níwájú, òun lẹ́yìn mi, ó ní kí òun lè máa tì mí, torí mo lọ́ra. Fún ìwọ̀n èémí kan, inú mi dùn gan-an. Mo kí i. Mo ní o ṣì wà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù ńlá wá bà mí, torí gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ, òun ló wà láyé, èmi ni mo ti lọ. Wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tí àṣìṣe bá wà lórí orúkọ rẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ọ́ kí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, bó ṣe wà ló máa wà. Ìyẹn ni pé mo ní ọjọ́ márùn-ún láti fi hàn pé mi ò kú.

Mo rò ó títí orí ń fọ́ mi. O rántí pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn, nígbà tí orúnkún ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì tú u sínú ìgò kékeré, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ó ní èsì rẹ̀ á wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ibí ń bá kọ̀ǹpútà ọ̀hún sọ̀rọ̀. Mo wá rò pé ti ilé ìwòsàn ló sọ fún ti elétò ìdìbò, pé bàbá yìí kò ní pẹ́ mọ́, kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ìjọba kì í tètè ṣe nǹkan, ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí gan-an nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá yára ṣe, ó dájú pé wọ́n mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo sáré wálé kí n pè ọ́. O mọ̀ pé fóònù tí o rà fún mi, ojú mi ló fi ń dá mi mọ̀, bí mo bá ti wò ó, á ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo wò ó, kò ṣí. Mo bọ́ fìlà, mo tún wò ó. Mo dé fìlà padà, mo kí i, mo rẹ́rìn-ín sí i bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí o fi mí hàn án. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi, bí ẹni tó ń mi orí pé rárá. Àkọ́bí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ìjọba lè ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n fóònù kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe òṣèlú, bí òun náà bá ní òun ò mọ̀ mí mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ nìyẹn.

Lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni Onígíláàsì Dúdú wá. O ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ni tó ń bá àwọn tó ń du ipò rìn, kì í bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń wò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ̀wù funfun rẹ̀ kan ilẹ̀, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ó kí mi kú ìrọ́jú. Mo ní ìrọ́jú kí ni. Ó ní ti ìyá wa, pé òun ò ráyè wá nígbà náà. Ó ní òun ti wo ògiri, òun rí i pé ìyá wa ṣì wà nínú ìwé, káàdì ìdìbò wọn á sì wà nílé, kí n kó o fún òun, ẹnìkan á bá ìyá wa dìbò, kí ẹ̀tọ́ wọn má baà ṣòfò. Mo ní ẹni tó ti kú kì í dìbò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ìyá wa ò kú, èmi ni mo kú, bí òkú bá sì lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì, ta ni wọ́n máa ní kó wá jẹ́rìí rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Ó ní òun á padà wá gba káàdì náà lọ́jọ́ Ẹtì, bí aago mẹ́rin bá ti kọjá. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Inú agolo irúgbìn ni mo fi í sí, lábẹ́ irúgbìn òdòdó, níbi tí eku ò lè dé. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Agbẹ̀bí ti ń sọ fún mi pé kí n dá a padà, pé káàdì ẹni tó ti kú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọ́jú bí owó, pé ọjọ́ kan àwọn kan á wá a wá. Mò ń sọ fún un pé lọ́la. Ohun tó ṣe mí ni pé nínú gbogbo fọ́tò ìyá rẹ, ti káàdì yẹn nìkan ni kò ti rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń yà á ní kó bọ́ gèlè, wọ́n sì jà. Bó ṣe ń wò mí nínú káàdì yẹn, bó ṣe máa ń wò mí nìyẹn bí mo bá fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Mo ní bí mo bá dá a padà, ta ni yóò tún máa bínú sí mi.

Mo dúró níbí lánàá. Ọjọ́rú nìyí. Mi ò jáde, mi ò gun àpótí, mi ò jẹ ohun tó ní egungun, mò ń rìn lẹ́bàá ògiri. Bí ọjọ́ Ẹtì kò bá bá mi láàyè, kí ó má jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ìjọba lẹ́yìn.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ, ọmọ mi, kì í ṣe ikú nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé ilé là ń lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n wà láàyè kó máà sí ẹni tó kà mí kún. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Bí mo bá dé ilé ìwòsàn, ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n máa ń bi pé ṣé bàbá ti jẹun. Mo máa wà níbẹ̀, ẹnu mi wà lójú mi, wọn ò ní bi mí. Ẹni tó ń ta bátìrì máa ń ka ṣéńjì sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ariwo, bí ẹni pé etí ni mo fi ń ka owó. Mo wá ní bí mo bá mọ̀wé, wọ́n á tún máa bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ̀wé tán, ohun tí mo kọ́kọ́ kà ni pé mi ò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń kọ ìyókù yìí. Fara balẹ̀, mo ṣì wà.

Lọ́jọ́bọ̀, mo fi gbogbo agbára mi rìn dé kíláàsì, mo sì jẹ́wọ́ fún Ìyá Agbẹ̀bí. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọkàn mi, ó ń lu, ó kàn ń sáré díẹ̀ ni. Ó gba fóònù, ó wo ojú rẹ̀, ó ní irú ọ̀rá wo rèé, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e sí mi lójú, fóònù sì ṣí gbayawu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò pè ọ́, torí mo ti kọ ìwé dé ìdajì, ó sì dùn mí láti fi í ṣòfò. Ìyá Agbẹ̀bí wá bi mí nípa káàdì ìyá rẹ. Mo ní lọ́la. Ó ní ọ̀la yẹn ti pé ọdún kan àbọ̀. Ó ní lọ́la yìí, òun á bá mi lọ, kí n gbé agolo náà dání.

Ọ́fíìsì elétò ìdìbò wà nínú ilé tuntun tó wà lẹ́yìn káńsù. Dígí ni ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní ohun tí èèyàn ń dì mú. Lọ́jọ́ Ajé, mo rí i pẹ̀lú ojú mi tó ń ṣí fúnra rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn, kódà ó ṣí fún ewúrẹ́ kan. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró síwájú rẹ̀. Kò ṣí. Mo sún sẹ́yìn, mo tún bọ́ síwájú, mo wúkọ́, kò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Mo yíjú sí Ìyá Agbẹ̀bí, mo ní ẹ ti rí i báyìí, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ó ní iná ló lọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá dígí náà, ẹ̀ṣọ́ kan wá láti inú, ó fi ọwọ́ fà á, a wọlé. Ẹsẹ̀ mi kò gbà gbọ́ pé iná ló lọ.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni Onígíláàsì Dúdú. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń wò tàbí agolo. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì, obìnrin tí kò lè ju ìwọ lọ, tó fi pẹ́ńsù gún irun, bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ìyá Agbẹ̀bí gbá mi nígbọ̀nwọ́. Mo ní mo wá sọ pé mi ò kú. Kò gbójú sókè, ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo na ọrùn ọwọ́ mi sí i kó dì í mú. Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè.

Ó wá fọ́ọ̀mù mi jáde nínú fáìlì, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Mo ti múra láti fi ọ̀tá mi hàn án. Mo fẹ́ sọ pé nọ́ọ̀sì ni, mo fẹ́ sọ pé ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn mi yìí ni. Ó fi ìka sí ibi tí wọ́n ti bèèrè bí àwọn èèyàn ṣe ń pè mí, ó ní kí n kà á. Ọwọ́ mi ni. Ọlọ́gbà ni mo fẹ́ kọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo gbàgbé àmì tó wà nísàlẹ̀ ọ méjèèjì, mo rò pé ìdọ̀tí ìwé ni wọ́n nínú ìwé àjákọ mi, a tó wà ní ìparí sì ti fún níkùn, ó dà bí e. Akọ̀wé ní ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rí Ologbe, ó rò pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀wé tó, ó ṣàánú mi, ó bá mi fi o kan kún un. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kò sí ẹni tó pa mí. Èmi ni mo fi bírò pa ara mi, mo sì yangàn délé.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìyá Agbẹ̀bí ní òun ti sọ ọ́ títí ó ti sú òun, pé àmì ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, irúgbìn ni, ọlọ́gbà tí kò bá sin nǹkan kan sísàlẹ̀, kí ló fẹ́ kó hù. Akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù àtúnṣe. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun lè bá mi kọ ọ́. Ẹ̀rù bírò ń bà mí, mo rò ó pé ta ni mo tún máa pa báyìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ẹni ṣe. Mo kọ ọ́. Mo fi àmì sí ìsàlẹ̀ ọ kìíní, mo fi sí ti ìkejì, mo la inú a kó hàn kedere. Mo wá bi í pé ọjọ́ márùn-ún tí mo fi jẹ́ òkú, ṣé wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ orí mi. Ó ní rárá, wọ́n máa fi jì mí.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé ó tún ku nǹkan mìíràn.

Onígíláàsì Dúdú wúkọ́. Àkọ́bí, ohun tí mo wá ṣe ti tán. Mo ti di alààyè. Mo lè gbé agolo mi kí n máa lọ, ìyá rẹ á ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn mi, á ṣì máa bínú sí mi nínú irúgbìn. Ọkùnrin yìí mọ ilé mi, ó mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń gbé, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo sì ń rò ó pé bí mo bá lọ báyìí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi dìbò lórúkọ ìyá rẹ, ìyá rẹ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú abẹ́rẹ́ láyé rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lọ. Ó wá dà bí ìgbà tí ẹnìkan tì mí lẹ́yìn díẹ̀, bí a ṣe ń tini lórí ìlà. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Agbẹ̀bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í ṣe òun.

Mo ṣí agolo. Mo gbé káàdì jáde, irúgbìn já sórí tábìlì akọ̀wé. Mo ní ìyàwó mi ni, ìlà kejì sí tèmi. Mo sì sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, pé ẹnìkan wá bèèrè káàdì yìí lọ́wọ́ mi, mi ò fún un. Akọ̀wé gba káàdì, ó wò ó, ó wò mí, ó ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, níwájú orúkọ wọn, ohun tó yẹ kí wọ́n máa pè wọ́n báyìí. Ìyá Agbẹ̀bí yíjú sí ojú fèrèsé, kò ràn mí lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ fúnra mi. O méjì ló wà láàárín, mo kọ méjèèjì. Mo fi àmì ohùn sí i lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá mo tún gbàgbé nǹkan kan, kò sí àmì kankan tó yẹ kó wà níbẹ̀. Akọ̀wé kà á, ó ní mo kọ ọ́ dáadáa. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi kọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ láìsí àṣìṣe níwájú ìjọba nìyẹn.

Wọ́n gé etí káàdì náà, wọ́n fi sínú àpótí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé fọ́tò rẹ̀ fún mi, wọ́n ní kò bófin mu. Onígíláàsì Dúdú dìde, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ nìyẹn, ojú lásán ni. Ó ní bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó jáde. Mi ò mọ irú kíkí tó jẹ́. Aago mẹ́rin lù, kò wá sílé mi. Lónìí náà, kò tíì wá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Nítorí náà, bá mi wá owó àgádágodo méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, àti ti ìwé àjákọ mẹ́ta, àti ti awò ojú, kí n lè máa rí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa. Má fi owó náà sínú fóònù, fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, torí ojú mi lè tún yí padà. Jọ̀ọ́ sì wá inú fóònù tìrẹ wò bóyá o rí fọ́tò ìyá rẹ kan níbi tí inú ti ń bí i, kí o bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Ìwọ náà, má jókòó, lọ wo orúkọ rẹ lára ògiri tiyín, kà á dé ìsàlẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ti fi bírò pupa la ìwé yìí kọjá, mo sì tún un kọ, bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí ojú rẹ ríran, kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n. Ibi tí o bá wà, wọ́n á kà ọ́ kún. A kò ní fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tìrẹ ṣáájú orúkọ rẹ. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,

Ọlọ́gbà.

Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí o tó ká ìwé yìí. Àmì méjì ló wà níbẹ̀.